Ẹ Bi Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ta Ló Ń Jẹ Ẹ̀fọ́ Mi?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sunkún lé lórí: a gbin ẹ̀fọ́, ẹlòmíì jẹ ẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Òjò ti dé, ewéko ti yọ, gbogbo ohun tó ní eyín ti jí. Àwa ará Ìkòròdú kò tilẹ̀ yẹ kó yà lẹ́nu rárá, torí àwọn àgbà sọ fún wa pé oko ọ̀dú ni ibí yìí kó tó di ìlú, àti pé látinú "oko ọ̀dú" ni orúkọ ìlú ti wá. Ẹ wá wò ó, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi sọ wá lórúkọ, èèyàn lè rìn láti Sábó dé Èbúté lónìí kó má rí ìdì kan rà. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, inú á bí mi.

*Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìgbógbò ni mò ń gbé. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá àti àgbàdo díẹ̀ sẹ́yìn ilé. Arákùnrin tó wà nílé kejì ń sin ehoro, wọ́n lé ní ogún. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá jí láàárọ̀, màá rí i pé wọ́n ti gé ẹ̀fọ́ mi lulẹ̀ bí ẹni fi abẹ gé e. Àgbàdo tí mo gbìn lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di Mọ́ńdè wọ́n ti hú u jẹ, ihò nìkan ló kù lórí ebè. Mo bá arákùnrin náà sọ̀rọ̀, ó ní ehoro òun kì í jáde. Ọkọ mi ní ká gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ onílé. Kí lẹ rí sí i, mà? – Ìyá Ìbejì, Ìgbógbò.*

Ọmọ mi, má tíì dé iwájú ẹgbẹ́ onílé. Jókòó ná, kí n sọ ohun tójú èmi náà rí.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, mo gbin ẹ̀pà sẹ́yìn ilé, ebè mẹ́rin péré. Nígbà tí ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, àràárọ̀ ni mò ń bá ebè ní títú, wọ́n á ti kó ẹ̀pà inú rẹ̀ lọ. Kò sí èèpo kan nílẹ̀. Àìsí èèpo yìí ló tàn mí jẹ. Mo ní ẹranko wo ló ń kó ẹ̀pà tèèpo-tèèpo lọ sílé rẹ̀? Èèyàn ni. Àwọn ọmọ méjì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi tí wọ́n máa ń fo fẹ́ǹsì wọlé wá ká máńgòrò. Àwọn ni mo di ẹ̀sùn rù. Mo pariwo lé ìyá wọn lórí lójú gbogbo àdúgbò, mo ní kó lọ kọ́ ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà kò fèsì. Ó kàn wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lóru ọjọ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ, ooru kò jẹ́ n sùn. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó tó bí aago kan òru tí mo gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀ nínú ebè. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Òkété ni! Ó tóbi tó ológbò kékeré, ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ, apá kan dúdú, apá tó kù lọ́dọ̀ ṣóńṣó rẹ̀ funfun bí ẹni tì í bọ ẹfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí eyín ń dà láàmú. Ẹ gbọ́, kò sá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé hóró ẹ̀pà kan sí i, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá kì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bí ìgbà tí obìnrin ń ki aṣọ tó kù sínú báàgì tó ti kún. Ìgbà tó ṣe tán ló tó gba ẹ̀yìn táńkì omi lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó bá mi gbẹ́ ihò ẹ̀yìn táńkì náà. Ẹ̀pà mi ló wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kóńgò kan. A bá ekuro, a bá ìdérí ìgò mẹ́fà, a tún bá ṣíbí tíì mi kan tí mo ti wá títí, tí mo sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ọmọ kan tó ń bá mi gbé lọ sílé ìyá rẹ̀. Òkété ń kó ohun tí kò lè jẹ pọ̀, kó ṣáà ti wù ú lójú. N kò jẹ ẹ̀pà náà mọ́, ohun tí eku ti gbé sẹ́nu kì í ṣe oúnjẹ. Mo lọ ra kóńgò kan lọ́jà, mo gbé e dé ilé ìyá àwọn ọmọ yẹn, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ó tó oṣù méjì kó tó máa kí mi dáadáa.

Ní báyìí, ká padà sẹ́yìn ilé rẹ. Olè méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ, ìwọ wá di ẹrù méjèèjì lé ehoro lórí. Ehoro kì í wú irúgbìn lábẹ́ ilẹ̀, ewé àti ọ̀mùnú ni tirẹ̀. Ihò tó bá wà lórí ebè, níbi tí o fi hóró àgbàdo sí gan-an, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, òkété ni, tàbí eku mìíràn. Imú ló fi ń rí i. Bó bá jẹ́ pé ojúmọmọ ló ń ṣẹlẹ̀, yẹ ọ̀kẹ́rẹ́ wò, yẹ adìyẹ wò. Ṣùgbọ́n ìwọ ní o jí bá a ni, nítorí náà olóru ni.

Ti ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé bí abẹ ló gba àròjinlẹ̀. Ẹnu ẹran kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń kọ̀wé. Ewúrẹ́ kò ní eyín iwájú lókè, fífà ló ń fa ewé já, ojú ibi tó jẹ máa rí jákujàku. Ìgbín máa ń lu ewé láàárín, ipa itọ́ rẹ̀ á sì máa dán lára ewé láàárọ̀. Tata máa ń ti etí ewé jẹ wọlé. Àwọn tó ń gé e ní dídagẹ̀rẹ̀, tí ojú rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, méjì ni mo mọ̀ níbí: ehoro àti ọ̀yà. Bí ehoro bá gé e, ó máa jẹ ewé náà, nǹkan díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ọ̀yà ní tirẹ̀, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Igi ọ̀gbìn ló ń wá, á gé e lulẹ̀, á jẹ ibi tó wù ú lára igi náà, á fi èyí tó kù sílẹ̀, á tún bọ́ sórí òmíì. Ìwọ kọ̀wé pé wọ́n gé e *lulẹ̀*. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú mi fura. Ìgbógbò sì súnmọ́ ọ̀sà, koríko gíga àti ilẹ̀ àbàtà ṣì pọ̀ níhà yẹn, ibẹ̀ ni ilé ọ̀yà. Ó tún mọ omi wẹ̀ dáadáa.

Ohun kan tún ni pé ehoro inú igbó tilẹ̀ wà nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún ló fẹ́ràn. Ẹni tó bá rí ehoro ní Ìgbógbò, ehoro ẹnìkan ló rí. Nítorí náà n kò ní kí o yọ aládùúgbò rẹ kúrò nínú ẹjọ́ pátápátá. Mo ní kí o wá ẹ̀rí. Lálẹ́ òní, bu eérú, fi asẹ́ kù ú sílẹ̀ yí ebè ẹ̀fọ́ ká, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí òjò kò bá rọ̀, wàá ka ìtàn láàárọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro gùn, bó bá sì ń tọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yìí méjèèjì ló máa ń balẹ̀ síwájú tọwọ́. Bó o bá rí ipa ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí nǹkan bí okùn wọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá, ìrù ni, òkété sì ni. Wo ìgbẹ́ nílẹ̀ pẹ̀lú: ti ehoro máa ń rí rọ́bọ́tọ́ bíi hóró ẹ̀wà, ti ọ̀yà gùn jù ú lọ. Tún rìn yí etí ilẹ̀ rẹ ká. Ọ̀yà ní ojú ọ̀nà, ibi kan náà ló máa ń gbà lálaalẹ́, koríko ibẹ̀ á ti dùbúlẹ̀ bí ihò lábẹ́ ewé.

Bó bá jẹ́ ehoro ni, ra nẹ́ẹ̀tì onírin tí ihò rẹ̀ kò ju íǹṣì 1 lọ. Má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí ihò rẹ̀ tó íǹṣì 2 fún ọ, ọmọ ehoro á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 lókè ilẹ̀, kí o ri ìlàjì ẹsẹ̀ bàtà mọ́lẹ̀, kí o sì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, síhà ibi tí ehoro ń bọ̀. Ehoro tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, ìdí ọgbà gan-an ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Á bá nẹ́ẹ̀tì, kò sì ní ronú àtipadà sẹ́yìn kó tó gbẹ́ ẹ.

Bó bá jẹ́ ọ̀yà ni, gbàgbé nẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi. Páànù àlòkù ni kí o wá, irú èyí tí wọ́n tú kúrò lórí ilé. Dá a dúró yí ọgbà ká ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọ̀yà kò mọ igi í gùn, kò sì rí inú ọgbà láti ẹ̀yìn páànù, ohun tí kò rí kì í wọ̀ ọ́ lójú. Lẹ́yìn náà, ṣán koríko tó yí ọgbà ká, kí ilẹ̀ mọ́ tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹran tó ń fi koríko bojú kò fẹ́ kí òṣùpá rí òun. Tí mo bá ní kí n yan ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, koríko ṣíṣán ni màá yàn, kò sì ná ọ ju àdá lọ.

Àwọn kan á sọ pé kí o lọ gba àwọ̀n àlòkù lọ́dọ̀ àwọn apẹja Èbúté. Ó dára fún adìyẹ àti ẹyẹ. Ọ̀yà á fi eyín gé e lóru ọjọ́ kan. Èmi náà lò ó rí, ọjọ́ tí mo bá ejò tó há sínú rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù ni mo ká a nílẹ̀.

Òkété ló le jù, torí ó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń gungi, ó sì gbọ́n. Ihò rẹ̀ kì í ní ẹnu kan. Bí o bá dí ọ̀kan, á gba èkejì jáde láti wá wo ẹni tó dí i. Ohun tó ń fà á wá ni kí o kọ́kọ́ kó kúrò: ẹyìn àti ekuro tó wà nílẹ̀, oúnjẹ ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú, ìdọ̀tí tí kò ní ìdérí, búlọ́ọ̀kù àti pákó tí o tò sẹ́yìn ilé láti ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́lé. Ti àgbàdo, hóró nìkan ló ń wá. Nígbà tí àgbàdo bá ti yọ ewé mẹ́ta mẹ́rin, tí hóró ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́, kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ojú ebè pẹrẹsẹ láti ọjọ́ tí o gbìn ín, fi òkúta tẹ etí rẹ̀, kí o ṣí i lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí ni mò ń ṣe títí dòní. Àmọ́ bí yóò bá tún padà wá nígbà tí ọmọ àgbàdo bá gbó, ìyẹn di ọjọ́ iwájú.

Má dẹ tàkúté sẹ́yìn ilé tí ìbejì ń gbé. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí o sì wá lọ bá arákùnrin elehoro yẹn. Má lọ jà. Sọ fún un pé o fẹ́ ìgbẹ́ ehoro. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó ẹ̀fọ́, o ní láti fi í sílẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Ti ehoro kò rí bẹ́ẹ̀, o lè bù ú láti abẹ́ àgò lọ sídìí tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ náà máa fún un ní ewé ẹ̀fọ́ tó gbó jù fún ọbẹ̀. Bí o bá ń wọlé lọ kó ìgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wàá fojú ara rẹ rí i bóyá ilẹ̀kùn àgò rẹ̀ ń pa dé.

*Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, mo kí yín. Ewúrẹ́ kò jẹ́ kí n kórè nǹkan kan ní Ìjẹ̀dẹ́. Àwọn tó ni wọ́n kò so wọ́n mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbin làpálàpá dípò rẹ̀, òmíì ní ewúro ni kí n gbìn yí i ká torí ó korò. – Bàbá Onílé, Ìjẹ̀dẹ́.*

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tó ní ewúrẹ́ kì í jẹ ewúro, kò sin ewúrẹ́ rí. Á jẹ ẹ́ tán, á sì máa wò yín bóyá ẹ tún ní òmíì.

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún dára fún màlúù. Ewúrẹ́ á kọ́kọ́ ki orí bọ àárín rẹ̀, ibi tí orí bá sì ti gbà, ara kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Ọmọ ọmọ yín ni wáyà náà máa fà láṣọ ya. Ọ̀rẹ́ yín tó mẹ́nu ba làpálàpá ló mọ ohun tó ń sọ, ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, ẹ gún un mọ́lẹ̀ nísinsìnyí tí òjò ń rọ̀, kí àlàfo tó wà láàárín méjì má ju ìbú ọwọ́ kan lọ, kí ẹ sì fi ọparun tí ẹ là dè wọ́n pọ̀ ní ìbú. Á hu gbòǹgbò. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń di ọgbà, nítorí náà ẹ fi ọparun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́yìn rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nípa èso rẹ̀, májèlé ni. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa gbé e dé ọsibítù.

Ní tèmi, ọjọ́ tí Orò bá ń jáde nìlú, táwa obìnrin wà nínú ilé, ni ewúrẹ́ máa ń fi ọgbà mi ṣe ọdún. Màá máa wò wọ́n láti ojú wíńdò, n kò lè jáde. Làpálàpá ló gbà mí.

*Ẹ ńlẹ́ mà. Eku pọ̀ nínú ọgbà wa ní Ìmọ́tà. Ṣé mo lè po òtàpiàpiá mọ́ ẹja kí n kó o sáàárín ẹ̀fọ́, tàbí kí n kúkú fín in sára ẹ̀fọ́ ọ̀hún? – Ọmọ Ìmọ́tà.*

Rárá sí méjèèjì. Ẹ̀fọ́ tí o fín òtàpiàpiá sí, ta ló máa jẹ ẹ́? Oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìgò kéékèèké yẹn, dichlorvos, pípa ló ń pa èèyàn. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC ṣe ní kí wọ́n má ta ìgò mílílítà 100 sísàlẹ̀ rẹ̀ ní gbangba ọjà mọ́ lọ́dún 2019. Ẹja tí o pò ó mọ́, ajá aládùúgbò á jẹ ẹ́, adìyẹ á ṣa á, ẹnìkan á sì rí òkú òkété lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á yan án, á tà á fún ìwọ náà ní gbígbóná.

Bí o bá rí òkú eku, má fọwọ́ lásán gbé e. Ibà Lássà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lássà ní Borno lọ́dún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tó ń wọlé sáàárín èèyàn ló ti ń ran ni. Ki ọwọ́ bọ ọ̀rá nylon méjì, gbé e, rì í mọ́lẹ̀, fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Dé gààrí rẹ. Fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí o tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí o gé e tán.

*Mà, ṣé ó dáa kí n da iyọ̀ sí ìgbín tó ń jẹ gbúre mi? – Ìyàwó Ọ̀dọ̀gúnyàn.*

Iyọ̀ kẹ̀? O fẹ́ ba ilẹ̀ jẹ́ nítorí ẹran ọ̀fẹ́? Lẹ́yìn òjò, ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mú tọ́ọ̀ṣì àti garawa, ṣà wọ́n ní ìdí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá fín oògùn kankan síbẹ̀, fi ewé jíjẹ bọ́ wọn fún ọjọ́ díẹ̀ nínú agbọ̀n tó ní ìdérí, fi áálọ́ọ̀mù fọ itọ́ wọn kúrò, kí o sè wọ́n jinná. Ata kí ó pọ̀ díẹ̀.